Mítà Màmá ò jalè: bí owó AC ṣe wálẹ̀ nílé kan lọ́nà Ọba-Ilé, Àkúrẹ́

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Màmá kan tó ń gbé lọ́nà Ọba-Ilé pè mí, àárín ooru burúkú yẹn, ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ nígbà yẹn ò ní gbàgbé, torí kódà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, ara ògiri ṣì máa ń gbóná bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ohùn wọn lórí fóònù ò dáa rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ wá bá mi wo mítà yìí, ó ń jalè. Ten thousand tí mo rà láàárọ̀ àná, yúníìtì mẹ́sàn-án ló kù."

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì ń tún AC ṣe, ọ̀rọ̀ pé mítà ń jalè yìí kì í ṣe tuntun létí mi. Ṣùgbọ́n lóṣù yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, torí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn gan-an ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, láti nǹkan bíi ₦68. Àdúgbò Màmá wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún pé iná ò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bó ṣe rí lóṣù yẹn: nínú ₦10,000, wọ́n á kọ́kọ́ yọ VAT 7.5%, ohun tó kù á fún yín ní yúníìtì 41 àti díẹ̀. Owó kan náà yẹn, nígbà tó wà ní ₦68, ì bá fún yín ní bíi 136. Nítorí náà mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé pé apá kan ọ̀rọ̀ yìí, owó ló wọ́n, kò sí ohun tí èmi lè ṣe sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n yúníìtì méjìlélọ́gbọ̀n láàárín ọjọ́ kan àtààbọ̀, nílé tó jẹ́ pé àgbàlagbà méjì àti ọmọ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ló wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló gbé mi dé ọ̀hún.

Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àkókò yẹn ni, torí tí ẹ bá lọ wo ilé tó ń gbóná láàárọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tíṣà ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá náà ṣe, ilé oníyàrá mẹ́ta ni wọ́n fi owó àjẹmọ́nú kọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá lọ́dún méjì ṣáájú, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò dáhùn mọ́, wọ́n ò lè dá yí ara wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ti ṣòro gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbà mí. Ó dùn mí nígbà tí Màmá gbé kọ́là àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn sókè fi ẹ̀yìn ọrùn wọn hàn mí: héètì ràáṣì ti bo ibẹ̀ títí dé èjìká, ó pupa yòò. Kí ló fà á? Màmá ti ń pa AC látàárọ̀ di aago mẹ́rin kí owó má baà tán. Wọ́n ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ èwo ni kí n ṣe, kí n fi ooru pa á ni àbí kí n fi owó oúnjẹ ra iná."

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn nìyí, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan: Màmá, ẹ tan AC yín padà. Owó tí a fẹ́ dín kù yìí, kò ní jẹ́ ara Bàbá la máa yọ ọ́ lára. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn, tí kò lè dá dìde lọ mu omi, ooru lè ṣe é ní jàǹbá gidi. Ẹ rántí èyí tí ẹ̀yin náà bá ní irú wọn nílé.

Lẹ́yìn náà mo kọjú sí mítà. Wàyí o, iná pupa kékeré kan wà lójú mítà prepaid, ó máa ń ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹ̀wà lásán ni, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ẹ máa rí i tí wọ́n kọ 1000 imp/kWh, ti àwọn mítà míì 1600 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí iná yẹn bá ṣẹ́jú ní ìgbà 1000, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Nítorí náà ẹ lè fi ojú yín lásán mọ iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ nílé, ẹ ò nílò irinṣẹ́ kankan, fóònù tẹ́ ẹ máa fi wo ìṣẹ́jú kan ti tó.

Mo ní kí ọmọ náà pa gbogbo suwíìṣì ilé pátá, firísà, fìríìjì, AC, gbogbo ẹ̀. Èmi àti Màmá dúró síwájú mítà. Iná pupa náà dákẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ rí i, kò sẹ́ni tó ń jí nǹkan kan." Wọ́n mí kanlẹ̀. A sì wà níbẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ti ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn fún mi, ó tó ìdajì wákàtí, ni iná yẹn bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàràwàrà, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò sí ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé o! Màmá pariwo, "Ṣé o rí i báyìí, ṣé o rí i!" Mo ka ìṣẹ́jú kan: 25. Ẹ fi ọgọ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, 1,500, ìyẹn ni pé nǹkan kan ń fa yúníìtì kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó dákẹ́ padà.

Ohun tó máa ń tan tó máa ń kú fúnra rẹ̀ tó sì ń fa bẹ́ẹ̀ yẹn, hítà omi ni. Mo lọ sí báluwẹ̀ yàrá àlejò, mo gbé ọwọ́ lé tàǹkì tó wà lókè, ó gbóná janjan. Nígbà ọyẹ́, oṣù kejìlá, ni wọ́n ti tan án láti máa fi omi rẹ̀ wẹ Bàbá, iná kékeré tó yẹ kó pọ́n lára suwíìṣì rẹ̀ sì ti jó, ojú lásán ò lè mọ̀ pé ó wà ní títàn. Omi tí ẹnì kankan ò fi wẹ̀, ó ń tutù díẹ̀díẹ̀, hítà ń mú un gbóná padà, tọ̀sán tòru, fún oṣù mẹ́rin. Yúníìtì kan àti díẹ̀ lójúmọ́ ni mo fojú bù ú sí. Kò pọ̀ jù lójú ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tún wá fi ₦225 ìgbà yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. A pa á ní DB, àpótí tí iná ti ń pín káàkiri ilé, mo lẹ bébà mọ́ ọn.

AC gan-an ló wá kù. 1.5 horsepower ni, òun nìkan mú mítà ṣẹ́jú ní ìgbà 23 ní ìṣẹ́jú kan, yúníìtì 1.38 ní wákàtí kan nìyẹn. Mo jókòó sí yàrá Bàbá fún wákàtí kan gbáko, kọ̀mpirẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po nínú AC, ò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Rìmóòtù wà ní dígírì 16. Tó bá ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 14, ọ̀sán pẹ̀lú òru, yúníìtì 19 lé ni yàrá kan ṣoṣo ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ara Bàbá ṣì ń làágùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ 16 yìí torí ilé tí mi ò ti bá a kéré. AC tí kì í ṣe inverter, ìyẹn irú èyí tó lè rọra dín agbára rẹ̀ kù, kọ̀mpirẹ́sọ̀ rẹ̀ ò mọ̀ ju méjì lọ, kó tan tàbí kó kú. Ẹ fi sí 16 o, ẹ fi sí 25 o, agbára kan náà ló fi ń tú òtútù jáde, 16 ò mú kó yá kánkán. Ohun tí ẹ kàn ń sọ fún un ni pé kó má sinmi títí yàrá á fi dé 16, yàrá yẹn ò sì ní dé ibẹ̀ láéláé nínú oṣù kẹrin ní Àkúrẹ́, ìyẹn ni pé ẹ ti ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí ayé.

Màmá ní ẹnì kan ti wá wò ó nígbà méjì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ní gáàsì ti tán, tó fi òmíràn sí i tó gbowó. Èyí máa ń bí mi nínú gan-an. Gáàsì AC kì í tán bíi gáàsì ìdáná. Inú páìpù ló ń yí po, kò síbi tó ń lọ. Tó bá dín, ó ń jò níbì kan nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n wá ibi tó ń jò kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Mo fi géèjì sí i, gáàsì pé pérépéré. Ohun tó ń ṣe é ni ìdọ̀tí: eruku tó wà lára fílítà, asẹ́ inú AC, nípọn débi pé mo fi ọwọ́ ká a bí ẹni ká aṣọ, àpótí tó wà níta ní tirẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti dí pẹ̀lú eruku ọyẹ́ àti ìyẹ́ adìẹ, wọ́n wá tún ń sá aṣọ lórí irin tí wọ́n fi dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè. Níbi tó ti yẹ kó tú ooru dànù, kò rí atẹ́gùn.

Ṣùgbọ́n ká ní mo fọ AC yẹn tí mo gbowó mi tí mo lọ, irọ́ ni mo pa fún wọn. Torí nǹkan bí aago márùn-ún mo gun àkàbà wọ òkè síílìn. Èémí gígùn kan ni mo mí, mo sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Tẹmómítà mi ka dígírì 52. Páànù aluminiọ̀mù lókè, síílìn PVC tó fẹ́lẹ́ bíi páálí nísàlẹ̀, atẹ́gùn ò ní ojú ibi kankan tó lè gbà jáde, orí bẹ́ẹ̀dì Bàbá gẹ́lẹ́ sì nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró sórí àga, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan síílìn láti inú yàrá, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ní kí Màmá náà fọwọ́ kàn án. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Wíńdò yàrá náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Igi furútù kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń ṣíji bò ó, wọ́n gé e lulẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú nítorí ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. Láti aago méjì títí oòrùn á fi wọ̀, ara gíláàsì àti ara búlọ́ọ̀kù yẹn ni gbogbo oòrùn ń bọ́ sí. Búlọ́ọ̀kù sì burú fún èyí, á gba ooru pamọ́ lọ́sàn-án, á wá máa tú u sílẹ̀ lóru. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo padà lọ, ògiri yẹn ṣì ń gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Ògiri ni AC ń bá jà láti alẹ́ di ìdájí. Bàbá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, sọ nǹkan kan lálẹ́ yẹn tí Màmá túmọ̀ fún mi, wọ́n ní ilé bàbá àwọn ní Ìsinkàn, ilé alámọ̀, kì í gbóná báyìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ògiri ilé yẹn nípọn, òrùlé rẹ̀ yọ síta gan-an tí oòrùn ò fi lè fojú kan ògiri, wíńdò rẹ̀ kékeré.

Kí n tó kúrò lálẹ́ yẹn mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, mo gbé e káàkiri yàrá náà. Èéfín kì í purọ́. Ó ń lọ sókè jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá dé ẹ̀yìn AC, níbi tí páìpù gbà jáde, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, ihò tí wọ́n lu sára ògiri tí wọn ò dí ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn náà rí bẹ́ẹ̀, ara wíńdò sláídìn náà rí bẹ́ẹ̀, irun tó yẹ kó dí etí rẹ̀ ti jẹ tán.

Ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ti fẹ́ ra AC 2 horsepower, inverter, kí n kàn bá òun wá fi sí i. Ó fẹ́ràn àwọn òbí rẹ̀, mo sì kí i fún un. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ mú sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì, inverter dáa, kì í kú kó tún tan, ṣe ló máa ń rọra dín agbára kù, ṣùgbọ́n tí òrùlé yìí bá wà báyìí, kò ní ráyè dín nǹkan kan kù, iṣẹ́ àṣekú ni ẹ máa rà fún un. Ẹ fún mi ní owó tí kò tó ìdá mẹ́ta owó yẹn. Ó gbà.

Ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ ló gbà wá. Fífọ AC àti dídí ihò, ọjọ́ kan. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán, ó wálẹ̀ láti 23 sí 20 lójú mítà. Wíńdò ló gba àròjinlẹ̀. Màmá rò pé kọ́tìnì tó nípọn ti tó, mo ṣàlàyé pé tí oòrùn bá ti kọjá gíláàsì, ó ti wọlé nìyẹn, kọ́tìnì á kàn gbóná sínú yàrá ni, ìta ló ti yẹ ká dá a dúró. Kí wọ́n tó ná owó káfíńtà, mo ní ká fi nǹkan ọ̀fẹ́ dán an wò: a gé imọ̀ ọ̀pẹ, a hun ún, a fi ọ̀pá gbé e dúró síwájú wíńdò àti ògiri yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá fúnra wọn ló pè mí pé àwọn ti fọwọ́ kan ògiri, kò gbóná tó ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni káfíńtà wá ṣe ìbòòji onípákó tó yọ síta, tí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá.

Òkè síílìn ló gba owó jù. Káfíńtà ní ká to fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn síbẹ̀ láti dá ooru dúró, torí kò wọ́n, mo kọ̀ jálẹ̀. Wáyà ló kún òkè síílìn, ojú ìsopọ̀ wáyà kan tó bá gbóná jù, fóòmù yẹn á gbaná kíá, Bàbá ò sì lè sáré. Òwú fáíbà ni a tẹ́ síbẹ̀, yàrá Bàbá nìkan torí owó, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, síbẹ̀ ó yún mi fún ọjọ́ méjì. A wá lu ojú méjì sí orí ògiri òkè lápá ìhín àti ọ̀hún, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí i kí àdán má baà wọlé, kí atẹ́gùn lè máa gbé ooru jáde.

Rìmóòtù di 25, fáànù síílìn ń yí jẹ́jẹ́. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀ fáànù, wọ́n ní á kó òtútù sí àwọn lórí, a bá sún bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Fáànù ò mú yàrá tutù o, ara ènìyàn ló ń tù, tí kò bá sẹ́nì kankan nínú yàrá kí ẹ pa á. Nǹkan bí 70 wáàtì péré ló ń jẹ, AC kan tó fáànù bíi mẹ́tàdínlógún.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀. Mo dí yàrá náà pa jù. Ọjọ́ kẹta Màmá ní yàrá ń rùn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wúwo, mi ò ro ti aláìsàn tó ń lo ibẹ̀ tọ̀sán tòru mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn, ìdájí bíi aago márùn-ún sí méje, nígbà tí ìta tutù ju inú lọ, wọ́n á pa AC, wọ́n á ṣí wíńdò sílẹ̀ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn náà á wà ní ṣíṣí, kí oòrùn tó ràn wọ́n á ti pa á dé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ wa, 172 yúníìtì ni ilé náà jẹ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, 88. Inú Màmá dùn, ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́ fún wọn pé òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe iṣẹ́ wa nìkan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dúró di ìgbà ooru tó ń bọ̀. Oṣù kejì ọdún 2025, oòrùn mú bí ẹní ń sun iṣu, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lójoojúmọ́ nínú ìwé jótà kan pẹ̀lú lẹ́tà tíṣà tó rẹwà yẹn: 101 fún ọjọ́ méje. Àti pé lọ́dún yẹn, wọn ò pa AC fún Bàbá lọ́sàn-án kankan. Ọrùn wọn mọ́ tónítóní.

Wọn ò tíì ra AC tuntun. Pálọ̀ ṣì wà láìní òwú lókè síílìn rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, Sátidé tó ń bọ̀ ni màá lọ tẹ́ ẹ. Wọ́n ti gbin furútù míì, ó jìnnà sí gọ́tà lọ́tẹ̀ yìí, ó ti dé orúnkún mi.